Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Wá Ìwé Àtijọ́ Nípa Àwọn Ọmọ Ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà

Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹ̀yà tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó débẹ̀: Cherokee, Lakota, Diné, Hopi àti àwọn yòókù. Àwọn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pé wọ́n ní ìjọba tiwọn lé ní 570. Ìbàdàn ni o ti ń kàwé ni o, Houston ni o, ọ̀nà kan náà ni o máa tọ̀, àfi pé ẹni tó wà ní Ìbàdàn á fi íntánẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí o máa rí, ọwọ́ ìjọba tó gba ilẹ̀ àwọn èèyàn yìí ló ti jáde. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ nípa wọn kò sì parun: wọ́n wà, wọ́n ń dìbò yan olórí wọn, wọ́n ní ilé ẹjọ́, ọ̀pọ̀ wọn ní ilé-ìkàwé tiwọn. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni o máa gbé dání lọ sídìí àpótí kọ̀ọ̀kan: ibo ni ìwé yìí wà, àti ta ló yẹ kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lò ó? Olùwádìí tó bá mọ ìdáhùn ti àkọ́kọ́ nìkan lè kọ ìwé tó dùn ún kà, kó sì ba nǹkan jẹ́ fún onínǹkan.

Ohun tí o máa nílò

Pásípọ́ọ̀tù, tàbí káàdì ìdánimọ̀ ìjọba tó ní fọ́tò. Láìsí i, o kò ní rí káàdì olùwádìí gbà ní National Archives.

Pẹ́ńsù mélòó kan. Bírò kì í wọ yàrá tí wọ́n ti ń ka ìwé àtijọ́, torí yíǹkì tó bá ta sórí ìwé ọdún 1850 ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Fóònù tàbí kámẹ́rà. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa iná kámẹ́rà náà kí o tó kúrò nílé.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí o ti gbé Zotero sí, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àti fíláàṣì tí o máa kó ẹ̀dà kejì sí ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà láti ọwọ́ olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ, pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní yunifásítì rẹ. Bí o bá rò pé ìwé àtijọ́ nìkan lo fẹ́ kà, tí o kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ṣì béèrè lọ́wọ́ wọn.

Tábìlì orúkọ, èyí tí ìgbésẹ̀ kìíní máa ṣàlàyé. Òun ni irinṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù níbí, òun náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kó orúkọ jọ

Kátálọ́ọ̀gì àtijọ́ kò mọ orúkọ tí àwọn èèyàn ń pe ara wọn. Orúkọ tí akọ̀wé ìjọba fún wọn ló mọ̀. Àwọn Tohono O'odham, Papago ni wọ́n wà nínú ìwé títí di àwọn ọdún 1980. Winnebago ni Ho-Chunk, Navajo ni Diné, Creek ni Muscogee. Àwọn Anishinaabe lè jẹ́ Chippewa nínú fáìlì kan, kí wọ́n jẹ́ Ojibwe tàbí Ojibway nínú òmíràn. Bí akọ̀wé bá sì kọ "Sioux", ó lè jẹ́ Lakota, ó lè jẹ́ Dakota, kò sì ní sọ èwo ni.

Fa ìlà sórí ìwé, kí o pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Kọ orúkọ tí ẹ̀yà náà ń jẹ́ lónìí sí ọ̀nà kìíní, gbogbo orúkọ tí ìjọba ti pè wọ́n rí pẹ̀lú oríṣiríṣi sípẹ́lì sí èkejì, orúkọ ẹjẹ́ńsì sí ẹ̀kẹta, orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti míṣọ́ọ̀nù tó wà láàárín wọn sí ẹ̀kẹrin. Ẹjẹ́ńsì ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣàkóso ẹ̀yà kan tàbí méjì mẹ́ta pọ̀, bíi Pine Ridge ní South Dakota. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi to ìwé, nítorí náà ẹni tí kò bá mọ ẹjẹ́ńsì kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé-ìkàwé, àkòrí tí wọ́n ti ń fi to irú ìwé báyìí láti ọjọ́ pípẹ́ ni "Indians of North America", orí pẹpẹ tí nọ́mbà rẹ̀ wà láàárín E75 sí E99 ni wọ́n sì máa ń kó wọn sí. Ọ̀rọ̀ náà ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, wọ́n sì ti ń yí i padà díẹ̀díẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí ìṣàwárí, má kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tìrẹ.

Orúkọ èèyàn le ju ti ẹ̀yà lọ. Ọmọ Lakota kan tó ń jẹ́ Ota Kte wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Carlisle ní Pennsylvania ní 1879. Ó ròyìn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1928 pé wọ́n kọ orúkọ òyìnbó sójú pátákó, wọ́n fún òun ní ọ̀pá pé kí òun tọ́ka sí èyí tó wù òun, òun tí kò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bó ṣe di Luther Standing Bear nìyẹn, tí orúkọ bàbá rẹ̀ sì di orúkọ ìdílé. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa tí a mọ bí Àjàyí ṣe di Samuel Crowther níbi ìrìbọmi ní Sierra Leone ní 1825. Nítorí náà, bí o bá ń tọ ipasẹ̀ ọmọ kan, wá orúkọ ilé, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ bàbá ní èdè wọn àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè wà nínú fáìlì mẹ́rin tí kò mọ ara wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: kágò

A kì í wọ ilé onílé láìkágò. Kí o tó kọ lẹ́tà sí ilé àkójọ ìwé kankan, lọ sójú òpó íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba ẹ̀yà náà. Wá ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ohun ìtàn wọn, ilé-ìkàwé wọn, mùsíọ́mù wọn, àti ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò bí wọ́n bá ní in. Àwọn Diné ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ láti 1996, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ìwádìí tó kan èèyàn lórí ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ wọn. Àwọn ẹ̀yà kan kò ní ìgbìmọ̀, wọ́n á ní kí o kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú tàbí sí àgbà kan.

Jẹ́ kí lẹ́tà rẹ kúrú. Sọ ẹni tí o jẹ́ àti ibi tí o ti wá, ìbéèrè kan ṣoṣo tí o fẹ́ dáhùn, ìwé tí o fẹ́ wò, ibi tí iṣẹ́ náà máa wà nígbà tó bá parí, àti ohun tí yóò padà sọ́wọ́ wọn. Má ṣe sọ pé o fẹ́ "gba àṣà wọn là". Wọ́n ti gbọ́ ìyẹn tó. Bí èsì kò bá tètè dé, dúró, kí o kọ òmíràn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni méjì péré lè wà nínú ọ́fíìsì náà kí iṣẹ́ ogún èèyàn sì wà lọ́rùn wọn. Bí wọ́n bá sì ní rárá, yí ìbéèrè rẹ padà. Má ṣe gba ẹ̀yìn lọ sí yunifásítì kan tó ní ẹ̀dà ìwé náà.

Àǹfààní mìíràn wà nínú kíkágò yìí yàtọ̀ sí ìwà ọmọlúàbí. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn mọ ibi tí ìwé wà ju kátálọ́ọ̀gì lọ, torí wọ́n ti ń wá a láti ọjọ́ pípẹ́ fún ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ omi.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ka ohun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde

Má pẹ́ jù níbí, ṣùgbọ́n má fò ó. Ìròyìn ọdọọdún tí kọmíṣọ́nà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ń kọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yunifásítì Wisconsin ló gbé e síbẹ̀. Inú rẹ̀ ni o ti máa rí orúkọ àwọn ẹjẹ́ńsì àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn. HathiTrust àti Internet Archive ní ọ̀pọ̀ ìwé tí àkókò àṣẹ òǹkọ̀wé rẹ̀ ti kọjá. Newberry Library ní Chicago ni àkójọ Edward Ayer wà, èyí tó fi ta ilé-ìkàwé náà lọ́rẹ ní 1911. American Philosophical Society ní Philadelphia lágbára nínú ìwé èdè.

Wá ìwé ìròyìn tí àwọn fúnra wọn tẹ̀. Cherokee Phoenix jáde ní oṣù kejì ọdún 1828 ní New Echota, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè Cherokee, pẹ̀lú àmì ìkọ̀wé tí Sequoyah, ọmọ Cherokee kan, ṣe fún èdè náà. Ọdún 31 lẹ́yìn náà ni Ìwé Ìròyìn Abẹ́òkúta tó jáde. Inú irú ìwé yìí ni o ti máa gbọ́ ohùn wọn láìsí akọ̀wé ìjọba láàárín.

Bó bá jẹ́ àdéhùn ilẹ̀ lò ń wá, má ṣe wo àwọn tí Sẹ́nétì fọwọ́ sí nìkan. Ní California, ní 1851 àti 1852, àwọn aṣojú ìjọba bá àwọn ẹ̀yà ibẹ̀ ṣe àdéhùn 18. Sẹ́nétì kọ̀ wọ́n, ó sì fi wọ́n pa mọ́ títí di 1905. Ẹni tó bá wo àkójọ àwọn àdéhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìkan á rò pé kò sẹ́ni tó ṣèlérí ohunkóhun fún àwọn ará California.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: National Archives

Ibí ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, Bureau of Indian Affairs, bẹ̀rẹ̀ ní 1824 lábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ogun. Ní 1849 ni wọ́n gbé e lọ sábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Abẹ́lé. Gbogbo ìwé rẹ̀ ni National Archives kó sábẹ́ nọ́mbà kan: Record Group 75. Kọ ọ́ sórí gbogbo ojú ewé ìwé rẹ, torí ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe ojú kan ni Record Group 75 wà. Ìwé olú-iṣẹ́ wà ní Washington. Ìwé àwọn ẹjẹ́ńsì wà ní ẹ̀ka tó sún mọ́ wọn: ti Oklahoma ní Fort Worth, ti Pine Ridge ní Kansas City, ti Diné ní Riverside àti Denver, ti Cherokee tó kù sí North Carolina ní Atlanta. Lẹ́tà tí ẹjẹ́ńsì kọ lọ sí Washington wà ní Washington; èyí tí wọ́n gbà láti Washington wà ní ẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè mú ọ rin ìrìn àjò méjì.

Lo kátálọ́ọ̀gì orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́tà tí ọ́fíìsì náà gbà láti 1824 sí 1881 wà lórí máíkírófíìmù tí nọ́mbà rẹ̀ ń jẹ́ M234. Ìwé orúkọ àwọn ará ẹ̀yà láti 1885 sí 1940 wà lórí M595. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni o lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí ibùsùn rẹ. Fáìlì láti 1907 sí 1939 ni kò rọrùn: nọ́mbà lẹ́tà, ọdún, orúkọ ẹjẹ́ńsì àti nọ́mbà kókó ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi tò wọ́n, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Kọ lẹ́tà sí olùtọ́jú ìwé ibẹ̀ ṣáájú, fún un ní ẹjẹ́ńsì, ọdún àti kókó ọ̀rọ̀ rẹ, kí o ní kó sọ àpótí tó yẹ kí o béèrè.

Fún ìgbà tó ṣáájú 1800, mọ̀ pé iná jó Ilé-iṣẹ́ Ogun ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìwé ibẹ̀ sì jóná. Àwọn onímọ̀ kan ti ń kó ẹ̀dà àwọn lẹ́tà náà jọ láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n kọ wọ́n sí, lábẹ́ orúkọ Papers of the War Department. Ibẹ̀ ni kí o wá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nínú yàrá ìkàwé

Báàgì àti kóòtù rẹ á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù níta. Wọ́n á yẹ ìwé rẹ wò bí o bá ń wọlé àti bí o bá ń jáde. Àwọn àkókò kan pàtó ni wọ́n ń gbé àpótí wá. Bí o bá pẹ́ dé, o máa dúró. Fáìlì kan ni kí o ṣí lẹ́ẹ̀kan, má sì da bí wọ́n ṣe tò ó rú, torí bí ìwé méjì ṣe tẹ̀ lé ara wọn lè jẹ́ ẹ̀rí fún ẹlòmíràn. Kọ́kọ́ ya fọ́tò èèpo àpótí, lẹ́yìn náà èèpo fáìlì, kí o tó ya ìwé inú rẹ̀. Fọ́tò ìwé tí kò ní nọ́mbà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àní fún ẹni tó yà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí a ṣe ń kà wọ́n

Jẹ́ ká fi Carlisle ṣe àpẹẹrẹ. Láti 1879 sí 1918 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fi wà. Dickinson College ti gbé fáìlì àwọn ọmọ ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú Record Group 75, o sì lè kà wọ́n ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè, fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ta ló kọ ọ́ àti ta ló máa kà á kó tó jáde. Ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìpolówó ni. Fọ́tò tí John Choate yà fún wọn, tí wọ́n fi hàn bí ọmọ ṣe rí nígbà tó dé àti lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìpolówó ni wọ́n pẹ̀lú. Ìmọ́lẹ̀ àti ibi tí ọmọ náà jókòó sí lè mú kí àwọ̀ rẹ̀ funfun ju bó ṣe rí lọ. Fi fáìlì ọmọ náà wé lẹ́tà òbí rẹ̀ sí ẹjẹ́ńsì, tó bá wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, lẹ́tà òbí ń bẹ̀ pé kí ọmọ wálé, ti ilé-ẹ̀kọ́ ń sọ pé inú ọmọ ń dùn.

Sì ṣọ́ra. Àwọn ọmọ kú síbẹ̀, wọ́n sin wọ́n síbẹ̀, láti 2017 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń hú egungun àwọn kan padà fún ẹbí wọn. Orúkọ tí o rí nínú fáìlì yìí lè jẹ́ ti ọmọ tí ìdílé kan ṣì ń retí.

Ìwé Dawes náà nílò ojú tó mú. Ìgbìmọ̀ Dawes tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1893 kọ orúkọ àwọn Cherokee, Choctaw, Chickasaw, Creek àti Seminole sílẹ̀ láti lè gé ilẹ̀ wọn pín. Wọ́n ya àwọn Freedmen sọ́tọ̀, ìyẹn àwọn èèyàn dúdú tí àwọn ẹ̀yà yìí ti kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn. Nínú káàdì àwọn yòókù, wọ́n kọ ìdá ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ìdá tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ọmọ ìbílẹ̀ lára ẹni náà. Nínú káàdì Freedmen, orúkọ ẹni tó ni wọ́n nígbà ẹrú ni wọ́n kọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Cherokee, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ èèyàn dúdú, lè wà lórí ìwé Freedmen láìsí ọ̀rọ̀ kan nípa bàbá rẹ̀. Nítorí náà, má ṣe dúró lórí káàdì, M1186. Lọ sí fáìlì ìbéèrè, M1301, níbi tí ẹ̀rí ẹnu wà. Ní 2017, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ dá ẹjọ́ pé àwọn ọmọ Freedmen Cherokee ní ẹ̀tọ́ ọmọ ẹ̀yà lábẹ́ àdéhùn 1866. O rí i pé ìwé yìí kò tíì di ọ̀rọ̀ àná.

Ìgbésẹ̀ keje: ohùn

Ní 1890, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Jesse Walter Fewkes gba ohùn àwọn Passamaquoddy sórí ìda ní Calais, Maine. Òun ni ohùn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà báyìí nínú iṣẹ́ ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀, Library of Congress ló ń tọ́jú rẹ̀. Lónìí, àwọn Passamaquoddy fúnra wọn ló ń sọ èyí tí gbogbo ayé lè gbọ́ àti èyí tó jẹ́ ti ilé. Wọ́n fi àmì sára rẹ̀, èyí tí àjọ Local Contexts ṣètò. Bí o bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀ lórí ohùn tàbí fọ́tò, kà á kí o tó tẹ ohunkóhun. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Doris Duke, tí yunifásítì méje fi gba ìtàn ẹnu àwọn àgbà láti 1966, wúlò gan-an; wọ́n ti ń dá ẹ̀dà rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹ̀yà ni kí o ti béèrè.

Ìkìlọ̀

Àwọn ìwé kan kò yẹ kí o kà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn wọn ṣí. Àwọn onímọ̀ ti wọ ilé ìsìn wọn, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì tà á fún mùsíọ́mù. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀gbẹ̀rì kì í wọ igbó awo nítorí pé ẹnìkan gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Ní 2006, àwọn olùtọ́jú ìwé àti àwọn onímọ̀ mìíràn, 19 lápapọ̀, jókòó ní Flagstaff, Arizona, wọ́n kọ ìlànà bó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú irú ìwé yìí; ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ìwé Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2018. Ka ìlànà náà. Bí o bá ṣèèṣì ṣí ohun tó jọ ti awo, pa á dé, má ya fọ́tò, sọ fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kí o kọ̀wé sí ẹ̀yà náà.

Má ṣe lo ohun kan fún ìdí tí wọn kò fi fún ọ. Àwọn Havasupai fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n wá rí i pé àwọn olùwádìí yunifásítì kan ti fi ṣe ìwádìí mìíràn. Ní 2010 yunifásítì náà gbà láti san 700,000 dọ́là, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ wọn padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé rí: àyè tí wọ́n fún ọ láti kọ nípa ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe àyè láti kọ nípa àìsàn ìdílé.

Ẹni tó ṣì lè wà láàyè, má ṣe kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn fáìlì tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn sábà máa ń wà ní títì fún ọdún 75. Bí wọ́n bá gbé e fún ọ pẹ̀lú àṣìṣe, dá a padà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Kíkọ "àwọn Íńdíà gbà pé" bí ẹni pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Gbígbà pé orúkọ tí kò sí lórí ìwé Dawes kì í ṣe ti ọmọ ẹ̀yà: àwọn kan kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀, torí wọn kò fẹ́ kí wọ́n gé ilẹ̀ wọn. Bíbéèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú ìwé bóyá lágbájá jẹ́ ọmọ Cherokee. Ìjọba ẹ̀yà ló ń dáhùn ìyẹn. Àti fífi gbogbo ọjọ́ ya fọ́tò láìka ọ̀kankan, kí o wá rí i nílé pé lẹ́tà tó ṣe kókó tọ́ka sí àpótí kan tí o kò béèrè.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, fi àkọsílẹ̀ rẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀yà náà kí o tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí o fún wọn ní àkókò tó tó láti kà á. Kó gbogbo fọ́tò ìwé tí o yà jọ fún ilé-ìkàwé wọn. Bí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò bá lè gba fáìlì ńlá, kó wọn sórí fíláàṣì kí o fi í ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé kan tó sọ nọ́mbà àpótí àti nọ́mbà fáìlì tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ti wá.